ÀWA TÍ A WÀ NÍSÀLẸ̀ ODÒ, ÀWA NÁÀ LẸ́NU Ọ̀RỌ̀

  

Ìwé ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í ṣe ti aṣọ ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti ìbò. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ẹ má tíì jù ú sílẹ̀ o. Ẹ má sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú omi?" Ẹ wo ohun tó wà lórí igbá wa lọ́jà Àbígí: ẹja yíyan, edé, gàárì, epo pupa, ẹ̀fọ́, ata. Èwo nínú wọn ni kò kọ́kọ́ bá omi pàdé kó tó bá owó pàdé? Ẹni tó ń ṣe gàárì ń fẹ́ omi, ẹni tó ń ṣe epo ń fẹ́ omi, ẹja sì rèé, inú omi gan-an ló ń gbé. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa pàápàá, Ogun Waterside, etí omi ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ń gbé etí omi tó ní ọ̀rọ̀ omi ò kan òun, ó dà bí ẹni tó pàtẹ sọ́jà tó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó.

Ohun tá a fẹ́ sọ kò ṣòro. Odò kan náà ni odò, láti orísun rẹ̀ títí dé ọ̀sà. Bí wọ́n bá ń gé àkóso rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí wọn kì í sì í bi àwa tá a wà nísàlẹ̀ léèrè ohunkóhun, àwa la ó máa san gbèsè tí a ò jẹ. A ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

IBI TÍ OMI WA TI Ń BỌ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀sà tí àwọn apẹja wa ń ná, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀sà Lẹ́kkí, fẹ̀ tó nǹkan bí 247 kìlómítà níbùú lóròó. Ó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju bíi mítà 6.4 lọ, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kò sì tó mítà 3. Àwo pẹrẹsẹ ni, kì í ṣe ìkòkò. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé àwo pẹrẹsẹ kì í pẹ́ kún fún ẹrẹ̀.

Ta ló wá ń bu omi sínú àwo yìí? Odò Ọ̀nì ń wọ inú rẹ̀ láti apá àríwá, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Odò Ọ̀ṣun ń wọ̀ ọ́ láti apá àríwá bákan náà, níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Odò Ọmọ̀ náà ń gba inú igbó ọba tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń kì yìí, Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀. Ó gba Òṣogbo, ó gba Ẹdẹ, ó dé Aṣéjìrẹ́ níbi tí wọ́n ti sé e kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, kó tó wá ya sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó tó dé ọ̀sà. Kí omi yẹn tó kan àwọ̀n apẹja kan ní Ìwòpin, ó ti gba ìpínlẹ̀ mẹ́rin kọjá: Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn.

Ìpínlẹ̀ mẹ́rin, gómìnà mẹ́rin, àwọn kọ́ńsù tí a ò lè kà tán. Odò ò mọ bóńdà. Kì í dúró ní tólógéètì kó ní òun ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ohun tí wọ́n bá dà sí i lára lókè, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e wá.

OHUN TÓ Ń BÁ OMI BỌ̀

Àkọ́kọ́ ni ti wúrà. Àwọn awakùsà ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ wọn láìgba àṣẹ. Wọ́n ń hú ilẹ̀ etí odò, wọ́n ń fi omi fọ erùpẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń da ẹrẹ̀ tó kù padà sínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí Òṣogbo mọ̀ pé omi Ọ̀ṣun ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra wọn ló kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ tún un gbọ́ o: odò tí àwọn àgàn ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè dọlọ́mọ, odò tí àjọ UNESCO tìtorí igbó rẹ̀ fi orúkọ Òṣogbo sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, òun ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi kan ẹnu.

A ò bá wọn jà pé wọ́n kìlọ̀. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Ìbéèrè wa ni pé: Òṣogbo nìkan ni omi náà wà ni? Ṣé nígbà tó kúrò ní Òṣogbo ló mọ́? Ta ló wá sí Ìwòpin wá kìlọ̀? Ta ló wá sí Àbígí, níbi tí a ti ń ta ẹja, wá sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára fún wa?

Ìdí tí a fi ń béèrè rèé. Àwọn kan nínú àwọn awakùsà máa ń lo màkúrì láti fi kó wúrà jọ, omi fàdákà kan tó ń dán yinrin bẹ́ẹ̀. Màkúrì kì í bá omi lọ kó sì tán. Ó máa ń wọ inú ẹrẹ̀, ó máa ń wọ ara àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, ó á sì máa pọ̀ sí i bó ṣe ń gòkè. Lẹ́yìn náà, èèyàn á wá jẹ ẹja ńlá. Sísè kì í mú un kúrò, yíyan kì í mú un kúrò. Ọmọ inú aboyún ló sì máa ń ṣe léṣe jù, nínú ọpọlọ. Ní Minamata, ìlú àwọn apẹja kan ní Jàpáàn, ilé iṣẹ́ kan da màkúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1956 ni àwọn dókítà sọ ọ́ síta pé àìsàn àjèjì kan ti wọ ìlú: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń fọ́, wọ́n ń bí ọmọ tí kò lè jókòó. Síbẹ̀, 1968 ni ilé iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Ọdún méjìlá gbáko! Àwọn wo ló kọ́kọ́ kàn? Àwọn apẹja àti ìdílé wọn, àwọn tó ń jẹ ẹja lójoojúmọ́. Irú wa ni.

A ò sọ pé ẹja wa ní màkúrì o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri láti fi ba ọjà wa jẹ́. Ohun tá a ń sọ ni pé ẹja tí a kò yẹ̀ wò, kò sí ẹni tó lè búra sí i. Àwa la sì ń tà á, àwa la sì ń fi bọ́ ọmọ. Àyẹ̀wò ni a ń fẹ́, kì í ṣe àhesọ.

Ìkejì ni ti igbó. Igbó ọba Ọmọ̀ tó wà lókè wa yìí, àtọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó ti fi ààlà sí i. Ní 1946, wọ́n ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní 1977, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò mọ̀.

Kí ni wọ́n wá fi igbó yìí ṣe? Wọ́n gé apá tó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n gbin igi gmẹlínà, wọ́n ní kó lè rí igi fi ṣe bébà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Ìwòpin. Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn yẹn. Ilé iṣẹ́ náà ò fìgbà kan ṣe iṣẹ́ tó bí ìlérí tí wọ́n ṣe fún wa. Bébà ò pọ̀, iṣẹ́ ò pọ̀, igbó sì ti lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn agégẹdú dé, lẹ́yìn agégẹdú ni àwọn olóko kòkó dé. Ariwo ẹ́ńjìnnì ìlagi ló kù tí à ń gbọ́.

Ẹnì kan á ní, igi ni igi, kí ló pa igi pọ̀ mọ́ ẹja? Ẹ gbọ́. Bí òjò bá rọ̀ sórí igbó, ewé á gbà á, gbòǹgbò á fà á, ilẹ̀ á mu ún díẹ̀díẹ̀, á sì máa tú u sílẹ̀ fún odò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa dé. Ìdí nìyẹn tí odò fi ń rí omi ṣàn nígbà tí òjò ò rọ̀. Bí òjò kan náà bá rọ̀ sórí ilẹ̀ ṣákálá, ńṣe ló ń sáré, erùpẹ̀ ló sì ń ru sórí sáré. Ọ̀sà wa tó rí bí àwo pẹrẹsẹ ló ń da ẹrù náà lé lórí. Ẹrẹ̀ á bo ibi tí ẹja ń yé sí, ọkọ̀ á máa gúnlẹ̀ níbi tó ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, omi á gba ilé nígbà òjò, kànga á gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí wọ́n gé ní Ọmọ̀, orí igbá wa ló wó lé.

Ìkẹta ni koríko orí omi. Àwọn baba wa mọ ojú-oró, wọ́n mọ òṣíbàtà, wọ́n sì fi pa òwe. Ṣùgbọ́n èyí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, olódòdó elésè àlùkò, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní omi Nàìjíríà, ó gba ọ̀nà Bìnì tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn wa wọlé sí Badagry. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó lè di ìlọ́po méjì. Ní ọ̀sà Èkó, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi iyọ̀ òkun á wọlé, á sì pa á. Tiwa yàtọ̀. Omi ọ̀sà Lẹ́kkí kì í níyọ̀, omi dídùn ni tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Nítorí náà kò sí ohun tó ń bá wa pa á. Ohun tó sì ń bọ́ ọ sanra ni ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko àti ìgbẹ́ tí òjò fọ̀ kúrò nígboro, láti òkè wá. Ẹ̀yin apẹja wa, ẹ wí ẹ: ọjọ́ mélòó lẹ ti jí wá bá a pé ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹ ò rí àwọ̀n yín fà?

TA LÓ Ń ṢÀKÓSO ODÒ?

A fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ní 1976, nígbà ìjọba ológun, wọ́n fi òfin dá àwọn àjọ tó ń mójú tó agbègbè odò sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Tiwa ni Ogun-Osun River Basin Development Authority, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin ò ní kí wọ́n kàn máa gbẹ́ kànga o. Òfin ní kí wọ́n máa bójú tó omi orí ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n máa dènà àgbàrá àti ọ̀gbàrá tó ń jẹ ilẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú gbogbo ilẹ̀ tí omi odò ti ń ṣàn wá. Gbogbo ohun tá a ń kígbe lé lórí yìí ló ti wà nínú ìwé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà nínú ìwé!

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e. Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lábẹ́ àjọ mìíràn, Benin-Owena. Ọ̀ṣun tí a bí ní Èkìtì, abẹ́ àjọ kan ni orí rẹ̀ wà, abẹ́ àjọ mìíràn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ta ló ń rí i ní odidi? Igbó Ọmọ̀ ńkọ́? Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ìwakùsà ńkọ́? Àbújá ló ń fún wọn ní láísẹ́ńsì. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tún ní àjọ tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹjọ́ kan dìde, ẹni yìí á ní kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni yẹn, ẹni yẹn á ní ti ẹni yìí ni. Ọmọ tó ní bàbá mẹ́fà, ebi ni yóò pa á.

Ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn láti ṣe jù ni ìdídò. Ẹ jẹ́ ká wo ti Ọ̀yán, kì í ṣe odò wa, ṣùgbọ́n àjọ kan náà ló wà nídìí rẹ̀. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní 1983. Omi tó gbà tó mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta sí i lọ́dún náà, ṣùgbọ́n títí di 2007 wọn ò tíì lò ó rí. Àwọn onímọ̀ tó ṣe àyẹ̀wò ní àwọn abúlé etí adágún náà bá àtọ̀sí ajá lára ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí ìgbín tó ń gbé àìsàn náà fẹ́ràn omi tó dúró sójú kan. Ní 2010, nígbà tí òjò pọ̀ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi, omi bo Ajégúnlẹ̀ ní apá Ìkòròdú, àwọn èèyàn sá kúrò nílé wọn. A ò ní ìdídò kò dáa. Àwọn ará Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu nínú omi Ọ̀yán. Ohun tá a ń wí ni pé ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn wà lókè, ẹni tí omi ń wọ ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọn ò sì jọ jókòó sórí tábìlì kan rí.

Nígbà tí àbádòfin lórí omi dé ilé aṣòfin ní Àbújá ní 2017, tí wọ́n sì tún gbé e padà ní 2020, gbogbo ìlú gbóná. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ló ni odò, àwọn ìpínlẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa gba ilẹ̀ etí odò mọ́ àwọn lọ́wọ́. Àwa náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí Àbújá kó gba etí omi wa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ta lẹ gbọ́ tó dárúkọ ẹni tó ń mu omi náà? Wọ́n ń jà sí ẹni tó ni màlúù, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ń pọn omi fún un.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN ALÁRÒYÉ

Àwọn kan á ní: "Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa wúrà, ebi ló ń pa wọ́n. Àwọn tó ń gégi, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni wọ́n fi owó rẹ̀ san." Ó yé wa. Ebi ń pa àwa náà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnì kan kò gbọdọ̀ jẹ́ májèlé ẹlòmíràn. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ fọ màkúrì lókè yẹn gan-an, òun ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó ń ra wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń gbé e lọ tà, ebi ò pa ìyẹn. Ẹni tó ni tírélà tó ń kó gẹdú, ebi ò pa ìyẹn náà. Àwọn ni ká lọ bá.

Àwọn mìíràn á ní: "Ẹ̀yin ará etí omi lẹ̀ ń pa ẹja tán fúnra yín. Ṣé kì í ṣe apẹja ló ń da Gamalin sómi?" Ẹni tó ń da oògùn kòkòrò sómi láti fi pẹja, ọ̀daràn ni, yálà ó jẹ́ ọmọ wa tàbí àjèjì, ohun tá a máa ṣe sí i sì wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ olè kékeré bo ti olè ńlá. Ìgò Gamalin kan á pa ẹja ibì kan lọ́jọ́ kan. Ẹrẹ̀ tó bo ibi tí ẹja ń yé sí, ọdún dé ọdún ló ń pa á.

Ti ẹ̀kẹta ló dùn wá jù: "Ọ̀rọ̀ odò kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹ máa ta ọjà yín." Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, àwọn obìnrin ọlọ́jà Ẹ̀gbá, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ni wọ́n sọ fún pé owó orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Láti 1947 ni wọ́n ti ń rọ́ lọ sí ààfin, wọ́n kọ̀wé, wọ́n kọrin, wọ́n kọ̀ láti san. Ní January 1949, Aláké fi ìlú sílẹ̀. Ọlọ́jà ni wọ́n, bíi tiwa. Ta ló ń pọn omi nínú ilé? Ta ló ń wẹ ọmọ? Ta ló ń wẹ ẹja, tó ń yan án, tó ń tà á? Bí ọ̀rọ̀ omi kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, ẹ sọ fún wa, ọ̀rọ̀ ta ni?

WỌ́N TI ṢE É NÍBÒMÍRÀN

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun tí kò ṣeé ṣe là ń béèrè. Ní Kenya, omi tí Nairobi ń mu, orí òkè tí àwọn àgbẹ̀ ń dáko sí ló ti ń ṣàn wá, erùpẹ̀ oko sì ń dí ẹ̀rọ omi ìlú. Ní 2015, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀: àwọn tó ń lo omi nísàlẹ̀ ń dá owó, wọ́n ń fi ran àwọn àgbẹ̀ òkè lọ́wọ́ láti gbin igi àti koríko sí etí odò, láti ṣe ebè tó ń dá erùpẹ̀ dúró. Ní New York, ní 1997, ìlú bá àwọn àgbẹ̀ àti ìletò orí òkè ṣe àdéhùn, wọ́n ń náwó lé wọn lórí kí omi lè mọ́ láti orísun, nítorí pé ilé ẹ̀rọ tí wọn ì bá fi sẹ́ omi náà yóò gba bílíọ̀nù dọ́là. Ìṣirò ọjà lásán ni: dídènà ìbàjẹ́ kò wọ́n tó títún un ṣe.

Ohun tó wà nínú méjèèjì ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ jọ jókòó. Ẹni tó ń tọ́jú odò lókè ń rí nǹkan gbà, ẹni tó ń lo omi nísàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Èyí nìkan là ń wá.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

1. Kí àjọ Ogun-Osun àti àjọ Benin-Owena dá ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn odò tó ń wọ ọ̀sà Lẹ́kkí, kí wọ́n sì fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní ìjókòó níbẹ̀: apẹja, àgbẹ̀, àti obìnrin ọlọ́jà. Kì í ṣe ìjókòó ẹni tó wá wòran o. Ìjókòó ẹni tó ní ìbò.

2. Kí wọ́n yẹ omi àti ẹja wò fún màkúrì àti àwọn májèlé mìíràn, ní Ìwòpin, ní Màkún-Omi, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹja wá sọ́jà wa, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí wọ́n ka èsì rẹ̀ ní èdè Yorùbá sí etí wa nínú ọjà, yálà ó dùn tàbí ó korò.

3. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá gígé igi dúró ní etí àwọn odò inú igbó ọba Ọmọ̀, kí wọ́n sì fi igi ilẹ̀ wa, bí ìrókò, arère àti ọmọ̀, rọ́pò ohun tí wọ́n gé. Kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ wa síṣẹ́ aṣọ́gbó, kí wọ́n sì máa san owó wọn lásìkò. Ebi kì í jẹ́ kí aṣọ́gbó ṣọ́gbó.

4. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wa ya owó sọ́tọ̀ fún kíkó koríko orí omi kúrò, kó sì san án fún àwọn ará etí omi tó máa kó o. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àwáwí pé "gómìnà ni kò fún wa lówó" ò gbọdọ̀ tà lọ́jà mọ́.

5. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ìdídò lójò kọ́kọ́ kéde rẹ̀ lórí rédíò, ní èdè wa, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

OHUN TÍ ÀWA NÁÀ MÁA ṢE

Ẹni tó bá ń béèrè gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tó mọ́. Nítorí náà, ẹ gbọ́ òfin tí a máa gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò. Ẹja tí wọ́n fi oògùn pa kò gbọdọ̀ gun orí igbá wa. Ẹni tó bá gbé e wá, a ò ní rà á, a ó sì fa onítọ̀hún lé baálẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ẹja tí kò tíì tó pa, ẹ má rà á. Bí a ò bá rà á, wọn ò ní pa á. Ìdọ̀tí ọjà wa kò gbọdọ̀ wọ inú odò, ọ̀rá ni o, ewé ni o, ìfun ẹja ni o. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì yan ẹnì kan tó máa máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀: ọjọ́ tí omi yí àwọ̀ padà, ọjọ́ tí ẹja kú léfòó, ọjọ́ tí koríko dí ọ̀nà. Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn láti máa bi èèyàn pé, "Ẹ̀rí dà?" Ìwé wa á máa dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi èyí kún un: orísun tó bá gbàgbé ibi tí odò ń lọ, ìkà ló ń ṣe. Kí àwọn ará òkè rántí pé àwa ń bẹ níbí. Kí Abẹ́òkúta rántí, kí Òṣogbo rántí, kí Àbújá rántí. Bí wọn ò bá sì rántí fúnra wọn, a mọ ọ̀nà ilé wọn, a ó lọ rán wọn létí.

Ẹ mú ìwé yìí dání wá sí ìpàdé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Ẹni tó bá ti kà á tán, kó fún onísọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ọwọ̀ kò ṣeé fi gbálẹ̀. Àjọṣe wa ni agbára wa.

Omi wa ò ní di májèlé. Ọjà wa ò ní tú. Ire o.

Àwa obìnrin ọlọ́jà, Àbígí.